Bọ́dìn ló kọ́ wọn: ọ̀rọ̀ lórí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin l'Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ń ṣọ́ aago fún mi ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ẹ bi ará Abẹ́òkúta léèrè ohun tó gbé ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin Onítẹ̀bọmi ní Ìdí-Àbà ró fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Yóò dárúkọ àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì, yóò dárúkọ èsì ìdánwò. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé wo ni kò ní kíláàsì? Bọ́dìn, gbígbé tí àwọn ọmọ jọ ń gbé inú ilé-ìwé, ni tèmi.

Níbẹ̀, ọmọ olówó láti Èkó àti ọmọ aládìrẹ Ìtòkú ń tò sẹ́yìn ẹ̀rọ omi kan náà, oníkálukú pẹ̀lú garawa tirẹ̀. Agogo ń lù kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí gààrí ẹnìkan bá tán, gààrí yàrá ti tán nìyẹn. Ẹ óò jà lálẹ́, ẹ óò sì jọ gbálẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó níwájú yìí máa ń ní ẹ̀wọ̀n ni bọ́dìn. Ilé ni òun ti ń lọ sílé-ìwé, ìyá rẹ̀ ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tẹ̀lé e. Ta ló fi ṣe ẹlẹ́rìí?

Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé bọ́dìn ló kọ́ obìnrin wa ní ẹgbẹ́ ṣíṣe. Ẹ mọ ìtàn owó-orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ẹ mọ ẹgbẹ́ tí ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fi kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ láti tako ó, ẹ mọ bí Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, ṣe fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní January 1949.

Ẹni tó ń ṣọ́ aago ti ń fi ìka hàn mí. Ní ti ààbò: láti ìgbà tí wọ́n ti kó ọmọbìnrin 276 lọ ní Chibok ní 2014, odi àti ọlọ́dẹ ti di dandan. Ó parí.

Ìyá àgbà kan dìde lẹ́yìn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bọ́dìn wo ni àwọn ìyá ọlọ́jà yẹn sùn? Yorùbá ni wọ́n fi lé ọba. Ẹ̀yin tí ẹ sùn ní bọ́dìn, ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹ sọ ọ́?”

Gbọ̀ngàn pariwo. Mo fi ìwé mi sílẹ̀.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀, tó wọ Abẹ́òkúta Grammar School láàárín àwọn ọkùnrin ní 1914, Frances ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn tó lọ sí Ìlú Ọba ní 1919 ló pa orúkọ náà tì. Àwa ńkọ́? Ní ilé-ìwé tí èmi lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá ń san owó ìtanràn. Èmi ni mo ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan fún un, mo sì ń fi rúlà fa ìlà rẹ̀.

Obìnrin kan nítòsí fèrèsé ní, “Mo ṣì ń dúró de kọ́bọ̀ mẹ́wàá mi!”