Ẹni Kẹta Ni Kí Ẹ Fi Wọn Ìgbà: Ìdí Tí Mo Fi Yan Atlanta 1996

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Àbújá, ní Gárkì. Mo gé díẹ̀ kúrò, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Ìgbà wo ni eré orí pápá dára jù? N kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Láti 1991 sí 2000 ni, Òlíḿpíìkì Atlanta 1996 sì ni góńgó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ takò mí, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ 400 mítà àwọn obìnrin níbẹ̀.

Falilat Ogunkoya, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.10. Idẹ ló gbà. Marie-José Pérec ti Faransé ti lo 48.25, Cathy Freeman ti Ọsirélíà lo 48.63. Ẹ wá máa bá mi kà á. Ní Sydney 2000, Freeman yìí kan náà fi 49.11 gba wúrà. Ní 2004, 49.41 ló gba wúrà. 2008, 49.62. 2012, 49.55. 2016, 49.44. Àkókò tó gba idẹ ní Atlanta ì bá gba wúrà ní Òlíḿpíìkì márùn-ún léraléra! Fatima Yusuf, ọmọ wa kejì tó wà nínú àṣekágbá yẹn, lo 49.77, ipò kẹfà ló sì bọ́ sí.

Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn, n kò sì ní yé sọ ọ́: ẹ má fi ẹni àkọ́kọ́ wọn ìgbà. Akọni kan lè jáde nígbàkigbà. Ẹni kẹta ni kí ẹ wò. Níbi tí ẹni kẹta bá ti le, ibẹ̀ ni eré wà.

Ẹ lọ síbi fífò jìnnà. Chioma Ajunwa, ọlọ́pàá, fò ó lẹ́ẹ̀kan, ìgbà àkọ́kọ́ náà, ó balẹ̀ sí mítà 7.12, ó parí. Ta ló ṣe ẹni kẹta? Jackie Joyner-Kersee, mítà 7.00. Mítà 7.00 yẹn gan-an ló gba wúrà ní Tokyo ní 2021, níbi tí Ese Brume tiwa ti fi 6.97 gba idẹ. Riléè 4x400 àwọn obìnrin, tí èèyàn mẹ́rin ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn, ńkọ́? Bisi Afolabi, Fatima Yusuf, Charity Opara àti Falilat lo ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá 21.04. Amẹ́ríkà lo ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá 20.91. Èèyàn ò tíì ṣẹ́jú tán tí fàdákà àti wúrà fi pínyà. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Alága ti ń nawọ́ sí aago, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ayé Jesse Owens, àwọn ọdún 1930: ilẹ̀ èérún èédú ni wọ́n ń sá lé, ṣọ́bìrì kékeré ni wọ́n fi ń gbẹ́ ihò tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ àwọn tó ń díje nígbà náà kò tíì pọ̀. Àwọn ọdún 1980: ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn fúnra rẹ̀ ló ń fún àwọn eléré ní oògùn amárale, wọ́n sì gba wúrà Ben Johnson ti Kánádà padà ní Seoul torí oògùn. Ẹni tó bá ń fi ìgbà yẹn yangàn, kó lọ tún inú rò. Oògùn wà nígbà tí mo yàn náà o. Torí Antonio Pettigrew ti Amẹ́ríkà tó jẹ́wọ́ pé òun lò ó ni wúrà riléè 4x400 àwọn ọkùnrin ní Sydney 2000 fi padà di tiwa ní 2012, Sunday Bada tó sá a fún wa sì ti kú ní 2011, kò rí i gbà. Tobi Amusan tiwa, 12.12 nínú 100 mítà fífo ìdènà ní 2022: kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ. Usain Bolt ti Jàmáíkà, 9.58 nínú 100 mítà: ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ìgbà.

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní eré sísá ní Kúbwà ti dìde. Ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ní Berlin 2009 tí Bolt ti sá 9.58, Asafa Powell ló ṣe ẹni kẹta, 9.84 ló sì lò. 9.84 yẹn ni Donovan Bailey fi gba wúrà ní Atlanta. Ṣé kì í ṣe torí pé ọmọ wa wà ní Atlanta lẹ ṣe yàn án?” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Mo dá a lóhùn pé 100 mítà ọkùnrin, Berlin ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ọmọ wa wà níbẹ̀ náà ni! Àwa wà lára àwọn tó mú kí idẹ le. Eré tí àwọn ọmọ wa kò bá ti sí lórí ìlà, àbùkù ti wà lára rẹ̀.

Kí ló sì ń yọ wọ́n kúrò lórí ìlà? Kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn. Ní Tokyo 2021, eléré Nàìjíríà mẹ́wàá ni wọn ò jẹ́ kó díje. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn. Òfin ní kí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò òjijì fún wọn ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta kí ìdíje tó dé, àwọn tó yẹ kó rí sí i níbí kò sì ṣe é tó. Àwọn ọmọ náà gbé páálí jáde ní Tokyo, wọ́n ń béèrè ìdí tí àwọn yóò fi jìyà àìbìkítà ẹlòmíì.

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò la sọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo sọ fún àbúrò wa yẹn pé tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kúbwà bá tó ẹni tó ń lọ Òlíḿpíìkì, kó má dúró de oṣù tí wọ́n máa wọ bàálù. Kó ti máa béèrè láti ọdún tó ṣáájú pé: àyẹ̀wò mélòó lẹ ti ṣe fún un?