Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kò Lè Rọ́pò Aago Ìṣíwọ́

Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin tí ẹ ń darí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, mo kí yín. Àkòrí tí ẹ fún mi ni bí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe lè máa tọ́jú ìlera òṣìṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń retí kí n yin ọjọ́ ìlera tí ẹ máa ń ṣe lọ́dọọdún, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wọ ẹ̀wù kan náà rìn yí àdúgbò ká, tí ẹni tó ń ya fọ́tò sì máa ń ṣiṣẹ́ ju nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. (Ẹ̀rín.) N kò ní bú u, nítorí àwọn kan kì bá má mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ń ru bí kì í bá ṣe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ètò iṣẹ́ gan-an ni ìlera òṣìṣẹ́ wà: iye wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́, àṣẹ tó ní lórí iṣẹ́ náà, àti ìsinmi tó ń rí ní tòótọ́.

Lọ́dún 1967, àwọn oníwádìí ní London bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìlera àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Whitehall, iye wọn sì lé ní 17,000. Kò sí awakùsà láàárín wọn, kò sì sí ẹni tí ebi ń pa. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ nígbà náà ni pé àwọn ọ̀gá ni ìdààmú iṣẹ́ ń pa, nítorí àwọn ló ń ru ẹrù ńlá. Òdìkejì ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ àti àwọn tó wà ní ìpele tó rẹlẹ̀ jù lọ ni àrùn ọkàn ń pa ní ohun tó lé ní ìlọ́po mẹ́ta ju àwọn tó wà lókè pátápátá lọ. Sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru kó ipa tiwọn, síbẹ̀ wọn kò tó láti ṣàlàyé gbogbo ìyàtọ̀ yẹn. Nígbà tí Michael Marmot, oníwádìí ìlera, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kejì lọ́dún 1985, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 10,308 lọ́kùnrin lóbìnrin, ó hàn pé ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe lọ ni àrùn ọkàn máa ń bá jù. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ èyí lẹ́nu mi rí. Ẹ ó tún gbọ́ ọ, nítorí ẹ kò tíì ṣe é.

Àwọn tó ń ta ètò ìlera fún ilé-iṣẹ́ yóò sọ fún yín pé owó tí ẹ bá ná síbẹ̀ yóò tọmọ wálé. Wọ́n dán irú ètò bẹ́ẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, ní ilé ìtajà BJ's Wholesale Club, láàárín nǹkan bí 33,000 òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka 160, tí wọ́n ṣẹ́ kèké yan 20 nínú àwọn ẹ̀ka náà. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn tó wà nínú ètò náà ní àwọn ń ṣe eré ìdárayá sí i. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ìsanra wọn, iye owó ìwòsàn wọn àti iye ọjọ́ tí wọn kò wá síbi iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, sì sọ lọ́dún 2021 pé ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40.

Òṣìṣẹ́ tó kúrò ní Ìkòròdú ní ìdájí kó lè dé Victoria Island kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ tún ń pè é lórí WhatsApp ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, oògùn lẹ ó máa fún un lọ. Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ rí wákàtí kan, ó kéré tán, fi sinmi. Kí ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń rí wákàtí yẹn nawọ́. (Ọwọ́ bíi mélòó kan gòkè, ọ̀kan rọra sọ̀ kalẹ̀.)

Ibí ni obìnrin kan ti dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó ní: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ lẹ ń sọ. Àwa tí agbaṣẹ́ṣe gbà wá ńkọ́? Ọdún mélòó kan ni mo ti ń gbálẹ̀ níbi kan, wọn ò jẹ́ kí n wọ kílíníìkì wọn.”

Mo pa ìwé mi dé. Orúkọ àwọn ìránṣẹ́ Whitehall wà nínú ìwé ibi iṣẹ́ wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ka ikú wọn. Lọ́dọ̀ wa, a ti yọ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, agbálẹ̀ àti àwọn kan tó ń ka owó lẹ́yìn káńtà báńkì kúrò nínú ìwé kí àìsàn tó kàn wọ́n, a wá ń yangàn pé ara àwọn òṣìṣẹ́ wa le. Bẹ́ẹ̀, òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa ka káṣúà mọ́ òṣìṣẹ́, ó sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù sí àpò NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 náà kan gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà.

Ohun tó kù nínú ìwé mi ni oúnjẹ ilé-iṣẹ́, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti ìdààmú ọkàn. Alága ti ń fọwọ́ kan aago ọwọ́ rẹ̀, n ó fi wọ́n sílẹ̀.

Máníjà kan ní agbaṣẹ́ṣe ló yẹ kó dá adójútòfò sílẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Mo gbà. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ń kọ àdéhùn fún agbaṣẹ́ṣe náà, tí ẹ ń kọ àwọ̀ aṣọ tí ẹ̀ṣọ́ yóò wọ̀ àti bí bàtà rẹ̀ yóò ṣe dán sínú rẹ̀. Ẹ kọ káàdì ìwòsàn sí i, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ kún iye tí ẹ ń san.