Bí A Ṣe Ń Wo La Grande Illusion

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọmọ Ìbàdàn ni wá, ìlú jagunjagun. Tí wọ́n bá ti ní fíìmù ogun, ìbọn là ń retí. La Grande Illusion, tí Jean Renoir ṣe nílẹ̀ Faransé ní 1937, kò ní fi ìjà ojú ogun kankan hàn yín. Àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn sójà tí wọ́n mú sí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn pa á. Ogun Kírìjì pàápàá, ọdún 16, inú àgọ́ ni ọ̀pọ̀ ọjọ́ rẹ̀ lọ sí.

Ẹ kọ́kọ́ tún tẹlifíṣàn yín ṣe. Àwòrán fíìmù àtijọ́ yìí kò gùn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ kó lè kún ojú ẹ̀rọ, yálà kí ojú èèyàn fẹ̀ pẹrẹsẹ tàbí kí wọ́n gé e lórí. Ẹ jẹ́ kí dúdú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà níbẹ̀.

Ẹ má wo èyí tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ ohùn rẹ̀. Èyí tí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ń jáde nísàlẹ̀ ni kí ẹ wá, torí èdè ni odi àgọ́ náà gan-an. De Boeldieu, ọ̀gá sójà Faransé, àti von Rauffenstein ti Jámánì, ọmọ ilé ọlọ́lá làwọn méjèèjì. Bí wọn kò bá fẹ́ kí ará yòókù gbọ́ tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ síra wọn. Maréchal, sójà Faransé mìíràn tó jẹ́ awabàlúù, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ihò tí wọn ì bá gbà sá, wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú ọgbà. Ihò ń parí lọ ni wọ́n kó wọn lọ síbòmíràn. Maréchal fẹ́ sọ fún sójà Gẹ̀ẹ́sì tó ń wọlé bọ̀ pé ihò wà níbẹ̀, èdè kò papọ̀. Iṣẹ́ náà ṣòfò.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹ fura sí ohun tí wọn kò fi hàn. Maréchal wà nídìí gramafóònù níbi táwọn ọ̀gá sójà Faransé ti ń jẹun. Ojú ṣẹ́jú báyìí, yàrá oúnjẹ àwọn ará Jámánì la bá ara wa, gramafóònù wà níbẹ̀ náà. Rauffenstein ti já bàlúù Maréchal àti de Boeldieu lulẹ̀, a ò sì rí i. Renoir fúnra rẹ̀ wa bàlúù nínú ogun yẹn, aṣọ sójà rẹ̀ sì ni Jean Gabin, tó ṣe Maréchal, wọ̀ nínú fíìmù náà, nítorí náà kì í ṣe àìmọ̀ ló jẹ́ kó fo ìjà òfurufú náà.

Lápá ìparí, Elsa, opó ará Jámánì tó gba àwọn tó sá kúrò lágọ̀ọ́ sílé, tọ́ka sí fọ́tò: ọkọ rẹ̀ kú ní Verdun, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ní Liège, Charleroi àti Tannenberg. Ó ní ibi táwọn ti ṣẹ́gun jù nìyẹn, tábìlì sì ti wá tóbi jù. Ẹ wo ẹni tó kù nídìí tábìlì náà dáadáa kí àwòrán tó yí.

Ìṣẹ́jú 114 ni fíìmù náà. Bí tiyín bá kéré gan-an sí ìyẹn, wọ́n ti gé e. Ẹ wá òmíràn.