Ìmọ̀ràn Kọ́ Ni Wọ́n Wá Gbà: Ọ̀rọ̀ lórí Carl Rogers

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi l'Ábẹ́òkúta. Alága ní ogún ìṣẹ́jú ni tèmi. Mo mọ ara mi, n óò jẹ gbèsè.

Àwọn tó ti gbọ́ mi rí ti mọ ibi tí mò ń lọ: ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kì í wá ìmọ̀ràn wá. Kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa tí wọ́n ń pè ní clinical psychologist, àwa tí à ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, ìyá ti gbà á nímọ̀ràn, pásítọ̀ ti gbà á, ààfáà ti gbà á, ọlọ́kadà tó gbé e wá pàápàá ti dá sí i. Bó bá jẹ́ pé ìmọ̀ràn ní ń wo ìbànújẹ́ sàn, èmi ì bá ti wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ẹni tó là mí lójú ni Carl Rogers, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní 1902 ní Oak Park, lẹ́bàá Chicago, sílé onígbàgbọ́ tí kò gba gbẹ̀rẹ́: kò sí ijó, kò sí káàdì, ọtí ò gbọdọ̀ wọlé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 12, wọ́n kó lọ sóko. Ọmọ yìí ń sin labalábá òru, ó sì ń ka ìwé nípa bí àgbẹ̀ ṣe ń dán oúnjẹ ẹran wò: fún àwọn kan, má fún àwọn yòókù, kí o wá wò ó. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ kọ́ ní Yunifásítì Wisconsin. Ó yí i padà, ó ní iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run lòun ń ṣe. Ó lọ sí Ṣáínà fún àpérò àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ ní 1922. Ìgbà tó fi dé, ìgbàgbọ́ bàbá rẹ̀ ti há mọ́ ọn lára. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ní New York, ó tún sọdá títì lọ sí Columbia, ó lọ kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń pààrọ̀ kọ́ọ̀sì, ẹ ṣe sùúrù.

Láti 1928 ló ti wà ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, láàárín àwọn ọmọ tí apá òbí ò ká. Ìyá kan ń wá nítorí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Lójú Rogers, ìyá yìí ò fẹ́ràn ọmọ náà láti kékeré, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń rọra fà á kó lè rí i. Kò rí i. Nígbà tó sú Rogers, ó ní kí àwọn jáwọ́. Obìnrin náà gbà, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bá yíjú padà: "Ṣé ẹ máa ń gba àgbàlagbà náà níbí?" Rogers ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà padà síbi àga tó ti dìde, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ tó ti dojú rú. Kò sí èyí tó ti sọ tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ni Rogers ṣe tí ìlẹ̀kùn yẹn fi ṣí? Ó dákẹ́ àlàyé ni!

Àwọn ọ̀gá kan, mo rí ẹni méjì nínú wọn lọ́wọ́ ẹ̀yìn, máa ń ní Rogers ò ju ayékòótọ́ tó ń tún ọ̀rọ̀ aláìsàn sọ lọ. Ní 1966, Joseph Weizenbaum ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, fi kọ̀ǹpútà ṣe é ní ẹ̀fẹ̀: ó pè é ní ELIZA, tó ń dá ọ̀rọ̀ rẹ padà sí ọ. Akọ̀wé Weizenbaum, tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, ní kí ọ̀gá jáde kí òun lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ wá bá wa jẹ́rìí. Ayékòótọ́ yín yìí náà ló gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá ìtọ́jú, tó tẹ ìtọ́jú ẹnì kan jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní 1942. Tiyín dà?

Alága ti fún mi ní ìwé pélébé. Nǹkan mẹ́ta tí Rogers ní kí olùtọ́jú ṣe, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1957, kíá: má ṣe ojú ayé, gba ẹni náà bó ṣe wà, lóye rẹ̀ láti inú tirẹ̀, kó sì mọ̀ pé o lóye. Ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Ìyá kan dìde níwájú. "Dókítà, ẹ ṣeun. Àmọ́ tí ọmọ wa bá ń ṣàìsàn ọkàn, gbogbo ẹbí ló ń bá a lọ. Ṣé ẹ fẹ́ lé wa síta ni? Kí àgbà wá panu mọ́?"

Mo ká ìwé mi. Ibi tí ìyá bi mí dé yìí, yàrá ẹni méjì ti Rogers ò gbà á. Ẹ ò nílò kí n sọ ìtàn Aró, ilé ìwòsàn ọpọlọ Abẹ́òkúta níbí, fún yín, ilé yín ni. Lambo, dókítà ọpọlọ tó darí rẹ̀ nígbà náà, láti 1954, máa ń fi aláìsàn sínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí aláìsàn kan ń bá a gbé, ó ń dáná fún un, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Ẹbí ò sí níta rárá nígbà náà. Nítorí náà, mo ní kí ìyá wọlé, àmọ́ iṣẹ́ tí ẹbí ṣe ní Aró ìgbà yẹn ni kí wọ́n bá wá ṣe, kì í ṣe ìwàásù.

Màmá ní: "Tó bá wá ń sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán ná." Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan péré ni mo yọ sílẹ̀. Tó bá ní ayé sú òun, ẹ má dákẹ́. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀; ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí i lórí. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.