Fílà Tó Ju Orí Lọ

DÚPẸ́: Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Lónìí, ánímè, ìyẹn eré àwòrán ilẹ̀ Japan, tó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ wò la fẹ́ sọ. Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

ṢẸ́GUN: Dúpẹ́, 26.

DÚPẸ́: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

ṢẸ́GUN: Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́dún! Láti oṣù kẹwàá ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ Toei ti ń gbé One Piece, ìtàn àwọn ajalèlókun, jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ti lé ní ẹ̀písóòdù 1,100. Àfi bí wọ́n ṣe kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 pé àwọn á sinmi láti January sí March 2026, pé láti April lọ, èyí tí àwọn á máa ṣe lọ́dún kò ní ju 26 lọ. Inú mi dùn sí i, inú sì ń bí mi. Ọdún 26 gbáko ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó ṣe ohun tó tọ́!

DÚPẸ́: Èmi ò gbà pé ó tọ́. Láti April 2025, 11:15 alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló ń jáde ní Japan. Nígbà ooru, 3:15 ọ̀sán lẹ̀yin wà ní London, ẹ ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ìrẹsì ti délẹ̀. Àwa ní Houston, 9:15 àárọ̀ ni, gèlè ṣì wà lọ́wọ́. Ẹ wá ní kí wọ́n gba ìdajì ọjọ́ Àìkú lọ́wọ́ èèyàn.

ṢẸ́GUN: Jẹ́ n ṣàlàyé. Mú èyíkéyìí nínú apá One Piece tí wọ́n ń pè ní Dressrosa, láti ẹ̀písóòdù 629 dé 746, kó o fi aago wọ̀n ọ́n. Gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú 24. Orin ìbẹ̀rẹ̀ nìkan jẹ méjì àbọ̀. Wọ́n á fi bíi mẹ́ta rán ẹ létí ohun tó o ti wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ní ìparí, wọ́n á fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú fi ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ hàn ẹ́. Ohun tó kù kò ju 18 lọ. Orí kan nínú máńgà Oda, ìyẹn ìwé alàwòrán tí wọ́n ti mú One Piece jáde, bí ojú ewé 17 ni. Ojú ewé kan, ìṣẹ́jú kan! Ojú ewé tí wàá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kà! Kí ni wọ́n á fi kún un? Ẹnì kan fẹ́ fa idà yọ. Kámẹ́rà á lọ sójú ọmọ ogun kan, á lọ sójú èkejì, á lọ sójú ìyá ọlọ́jà tó ń sá lọ, gbogbo wọn á yanu, "hẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Òkúta kan á já bọ́ láti ara ògiri. Idà ò tíì kúrò nínú àkọ̀ o.

DÚPẸ́: (ẹ̀rín) Òkúta yẹn!

ṢẸ́GUN: Òkúta yẹn náà ni! Ẹ̀písóòdù 118 fún orí 102. Kò tó orí kan fún ẹ̀písóòdù kan.

DÚPẸ́: Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣọ̀lẹ, Bọ̀dá. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fuji TV ló ni ààyè, àwọn tó ń polówó ọjà ti sanwó sí i, ààyè ọ̀hún ò sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Máńgà ń rìn díẹ̀díẹ̀, ánímè ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ bá a, kí ni kí wọ́n ṣe?

ṢẸ́GUN: Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Kí wọ́n fà á gùn bíi ti òkúta. Kí wọ́n ṣe ìparí tiwọn, bí Fullmetal Alchemist ọdún 2003 tó fi 51 parí ìtàn tí ẹni tó ń kọ ọ́ kò tíì parí. Kí wọ́n dúró, bíi Bleach tó dúró ní March 2012 lórí 366, tí kò padà títí di October 2022. Tàbí kí wọ́n...

DÚPẸ́: Ẹ má tíì dé e o!

ṢẸ́GUN: Mo máa dé e. Fílà!

DÚPẸ́: (ẹ̀rín) Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ̀písóòdù tí kò sí nínú máńgà, "filler", la ń pè bẹ́ẹ̀.

ṢẸ́GUN: Fílà tí kò ní orí! Naruto àkọ́kọ́ jẹ́ 220. Láti 136 dé 219, orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó ń wò ó nígbà yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó lé ní ọdún kan àbọ̀ tó fi ń wo fílà. Ti Bleach, láti 64 dé 108, abetí ajá gidi nìyẹn, ó bo ojú mọ́lẹ̀. Ká padà sí Naruto. Nínú Shippuden, apá kejì rẹ̀, Sasuke ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ, ọkàn gbogbo ayé wà lọ́dọ̀ ẹ̀, Naruto wá ń lé...

DÚPẸ́: Ògòǹgò.

ṢẸ́GUN: Ògòǹgò, Dúpẹ́! Ó ń lé ògòǹgò!

DÚPẸ́: Ṣùgbọ́n ẹ má da gbogbo fílà pọ̀. G-8 nínú One Piece ńkọ́, 196 dé 206? Luffy ajalèlókun àtàwọn èèyàn rẹ̀ bọ́ láti ojú ọ̀run sáàárín ọgbà ológun ojú omi, gbogbo wọn fọ́n ká, oníkálùkù ń wá ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀gá ológun ibẹ̀ gbọ́n, kì í ṣe òmùgọ̀ tí wọ́n kàn fẹ́ lù. Ẹ̀písóòdù 11, kò sí òkúta kankan níbẹ̀. Ẹ má bú G-8 lójú mi o, mi ò ní gbà.

ṢẸ́GUN: Ta ló bú u? G-8 kì í ṣe fílà.

DÚPẸ́: Kí ni?

ṢẸ́GUN: Adé ni.

DÚPẸ́: (ẹ̀rín gidi) Ó dáa. Mo ti gbà á.

ṢẸ́GUN: Gbọ́ ìwọ̀n tèmi. Máńgà tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orí méjì sí mẹ́ta ló yẹ kí ẹ̀písóòdù kan gbà. Demon Slayer, síísìn àkọ́kọ́, 26, ó kó bí orí 53. Orí méjì-méjì. Frieren, 28, ó kó orí 60. Kò sẹ́ni tó ráhùn, bẹ́ẹ̀ ìtàn tí kì í kánjú ni Frieren. Wàá rí ibi tí wọ́n ti jókòó tí wọ́n ń wo òdòdó, kò sì gùn jù, torí òdòdó yẹn wà nínú ìwé.

DÚPẸ́: Fullmetal Alchemist: Brotherhood ńkọ́? 64, orí 108. Ìyẹn ò tó méjì.

ṢẸ́GUN: Oṣooṣù ni máńgà yẹn ń jáde, orí rẹ̀ kan lè tó méjì ti ọ̀sẹ̀. Má fi òṣùwọ̀n gàrí wọn ẹ̀wà.

DÚPẸ́: Ẹ jẹ́ n bi yín, ṣé ẹ rò pé gígùn nìkan ni àrùn? Ẹ ò rántí The Promised Neverland. Síísìn àkọ́kọ́, 12, orí 37, ó gún régé. Orí 181 ni gbogbo ìtàn. 144 ló kù, wọ́n sì fi ẹ̀písóòdù 11 parí ẹ̀ ní 2021! Tí ẹ bá pín in, ó lé ní orí 13 lórí ẹ̀písóòdù kan. Wọ́n fo apá Goldy Pond látòkè délẹ̀, ibi tí Emma, ọmọbìnrin tó ni ìtàn náà, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà. Nígbà tó bá wá jà, èèyàn ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ní ìparí, àwòrán tó dúró gbagidi ni wọ́n ń tò tẹ̀ lé ara wọn, orin ń lọ, ìtàn ọdún púpọ̀ ń kọjá. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

ṢẸ́GUN: Ó dun èmi náà. Ìwọ̀n kan náà ló tú wọn fó. Ọ̀kan, orí kan ò kún un. Èkejì, orí 13 ya á láṣọ.

DÚPẸ́: Ó dáa, Sazae-san ńkọ́? Láti oṣù kẹwàá 1969, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ lọ sọ fún àwọn ará Japan pé ó gùn jù.

ṢẸ́GUN: Àlọ́ Ìjàpá nìyẹn. Ìtàn mẹ́ta ló máa ń wà nínú ọ̀kan, bí ìṣẹ́jú méje méje, kálukú á parí níbẹ̀. Ọmọ ò ní dàgbà, ìyá ò ní darúgbó. Ìjàpá kú lánàá, ó tún jí lónìí, ta ló máa bínú? Ṣùgbọ́n Luffy ti sọ ibi tó ń lọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ní òun ń lọ síbì kan gbọ́dọ̀ máa súnmọ́ ọn.

DÚPẸ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Dragon Ball Z lẹ ń sọ̀rọ̀ súnmọ́. Frieza, ọ̀tá inú rẹ̀, ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni ayé Namek tí wọ́n ti ń jà máa fi bú gbàmù.

ṢẸ́GUN: Wò ó...

DÚPẸ́: Ìṣẹ́jú márùn-ún! Ó lé ní ẹ̀písóòdù mẹ́jọ! Gbogbo rẹ̀ dà bíi fíìmù ilé wa tó máa dúró níbi tí ọkọ ti ń ṣílẹ̀kùn, "ẹ máa retí apá kejì."

ṢẸ́GUN: (ẹ̀rín) Tí apá kejì á sì fi ìlàjì wákàtí tún apá kìíní ṣe. Àwọn fúnra wọn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n tún Z gé, tí wọ́n pè é ní Kai, ní 2009, ohun tí Z fi 194 sọ, títí tí Cell, ọ̀tá mìíràn, fi kú, 98 ni wọ́n fi sọ ọ́. Fílà bọ́, orí kù. Nǹkan mìíràn tún wà. Ẹ̀písóòdù kan lè gba àwòrán ọwọ́ 3,000 sókè. Àwọn àgbà á ya kókó ìṣísẹ̀, genga, àwọn mìíràn á ya èyí tó so wọ́n pọ̀, douga. Tí àkókò bá ti há, douga ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí ẹni tó ń pariwo tí ẹnu nìkan ń mì, tí irun ò mì. Oṣù mẹ́ta ìsinmi One Piece yẹn, irun ló máa fi mì.

DÚPẸ́: Ẹ jẹ́ n ṣírò kan. Ká ní orí kan àbọ̀ fún ẹ̀písóòdù kan. 26 lọ́dún, ó di orí 39. Oda sábà máa ń ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á sinmi ọ̀kan. Nínú ọ̀sẹ̀ 52, ìyẹn jẹ́...

ṢẸ́GUN: 39.

DÚPẸ́: 39.

ṢẸ́GUN: Dúpẹ́! Ẹsẹ̀ wọn máa dọ́gba!

DÚPẸ́: Mi ò ní mo gbà o. Mo ṣírò lásán ni. Ọjọ́ Àìkú mi ṣì ń ṣófo. Àkókò ti lọ, a ò tíì sọ ohun kan fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá fẹ́ Naruto ńkọ́?

ṢẸ́GUN: Kó bẹ̀rẹ̀ láti 1. Kó fo 26.

DÚPẸ́: 26 tún dé!

ṢẸ́GUN: Ìránnilétí lásán ni 26. Kó fo 97, kó fo 101...

DÚPẸ́: Rárá o! 101 ni wọ́n ti fẹ́ rí ohun tó wà lábẹ́ ìbòjú Kakashi, olùkọ́ Naruto!

ṢẸ́GUN: Ó dáa, kó wo 101. Kó fo 102 dé 106. Kó wo 107 dé 135, kó má sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fò ó títí dé 220, kó bọ́ sí Shippuden.

DÚPẸ́: Kí ló dé tí ò ní fo 220? Ṣebí fílà náà ni.

ṢẸ́GUN: Naruto ń dágbére fún ìlú níbẹ̀.

DÚPẸ́: Bọ̀dá, fílà ni.

ṢẸ́GUN: Ó ní orí. Orí ọ̀hún kàn kéré ni.

DÚPẸ́: (ẹ̀rín) Ẹ pa máíkì yẹn.