Ọmọ Tí Mo Fẹ́ Fi Ránṣẹ́ Sílé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹ kú ọ̀nà. Ẹni tó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ kú iṣẹ́. A ò ní àlejò lónìí, èmi nìkan ni.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ nílé wa. Mo fẹ́ kí àkọ́bí wa ọkùnrin kúrò ní UK níbí, kó lọ kàwé ní Nàìjíríà fún ọdún méjì, nílé ìwé tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà. Bàbá rẹ̀ ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú àwọn. Ẹ má rò pé torí pàṣán, bóyá ká lu ọmọ, la fi ń jiyàn o. Scotland ti fòfin de lílu ọmọ ní 2020, Wales tẹ̀ lé e ní 2022, England ló ṣì ń wọ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, ìyẹn ti tán kí a tó bímọ.

Èmi, Èkó ni àwọn òbí mi ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Iléṣà ni mo dàgbà sí. Olùkọ́ ni wọ́n. Kí oòrùn tó yọ, mo ti pọnmi, mo ti gbálẹ̀, mo ti kúnlẹ̀ kí gbogbo agboolé. Tí mo bá ṣìwà hù, ojú lásán ni wọ́n máa fi wò mí. Mo sunkún níbẹ̀rẹ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, tí wọ́n bá ní kí n wá lo ìsinmi l'Ékòó, ẹsẹ̀ mi kì í fẹ́ gbé.

Ọkọ mi náà, ìta, lọ́dọ̀ alágbàtọ́, ni wọ́n ti tọ́ wọn. Mo gbàyè lọ́wọ́ wọn kí n tó sọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílùú yìí mọ ìtàn náà: àwọn òbí wa tó wá kàwé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n tún ń ṣe ìdánwò, nínú yàrá kan ṣoṣo tí onílé kò ti fẹ́ gbọ́ ẹkún ọmọ. Wọ́n á polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, ìyá òyìnbó kan ní Kent, Sussex tàbí Essex á ní kí wọ́n gbé ọmọ wá, wọ́n á máa fowó ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló bá a lọ bẹ́ẹ̀. Òṣèré nnì, Adewale Akinnuoye-Agbaje, Tilbury ni wọ́n gbé tiẹ̀ lọ. Àwọn òbí kò rí i bí ohun àjèjì. Ṣebí nílé náà, ọmọ a máa gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Àmọ́ ìyá àgbà á kì í ní oríkì láàárọ̀. Ta ni yóò kì í ní Margate, ní Kent?

Margate ni ọkọ mi wà títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ dé, ó ní òun ni màmá wọn, ó kó ẹrù wọn, ó di Ìbàdàn.

Nítorí náà, tí iṣẹ́ bá gbé ọkọ mi lọ sí Manchester, wọ́n á kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n máa dé sára fìríìjì. Èmi, "mò ń bọ̀" ti tó. Tí mo bá ní kí ọmọ lọ sùn, kí ó lọ sùn ni. Tiwọn, wọ́n á ṣàlàyé, ọmọ á béèrè, wọ́n á tún dáhùn, aago mẹ́wàá á lù. Ìyẹn ṣì ń bí mi nínú títí di òní.

Ìgbà náà ni ẹjọ́ ọmọ Ghana dé. Ní February 2025, ilé ẹjọ́ gíga ní London dá àwọn òbí kan láre. Wọ́n ti mú ọmọkùnrin wọn lọ sí Ghana bí ẹni ń lọ kí aláìsàn, wọ́n sì fi í sílé ìwé níbẹ̀, torí wọ́n ń bẹ̀rù ẹgbẹ́ ọmọ ìta. Ọmọ náà ló pe ẹjọ́. Nígbà tó di June, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ọkọ mi ka ìròyìn náà dé ibi ọ̀rọ̀ aláìsàn, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi, àwọn òbí ni àánú wọn ṣe mí. Ẹni tó bá ti rí òdòdó tí wọ́n so mọ́ òpó iná ládùúgbò rẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n gún lọ́bẹ, mọ ohun tí mò ń sọ.

N kò tíì yí ọkàn padà. Mo gbà pé ilé á ṣe ọmọ náà lóore. Ṣùgbọ́n mo gbà fún ọkọ mi pé a ò ní fi ẹ̀tàn ṣe é, a sì ti sọ fún ọmọ. Háà! Gbogbo àlàyé tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe fún un látọjọ́ yìí, orí mi ló já lé. Ó fẹ́ rí ilé ìwé náà kó tó dáhùn. Ó bi wá pé tí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn lẹ́yìn táàmù kan ńkọ́? Bàbá ní á padà wálé. Èmi ní ká ṣì máa wò ó. Ibẹ̀ la wà.

A máa lọ wo ilé ìwé náà nígbà ìsinmi Kérésìmesì. Ọkọ mi ní inú ọkọ̀ làwọn máa dúró sí. Mo ní kí wọ́n wọlé kí wọ́n bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀, ẹni tó mọ ìbéèrè í bi ni wọ́n. Ẹ̀yin tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé lọ́mọdé, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi: ta ló sọ fún yín, kí ni wọ́n sì sọ pé ẹ ń lọ ṣe?