Ta Ló Rẹ Iyọ̀ Láró?

Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Iyọ̀ ni, Ọjà Ọba níbí l'Àkúrẹ́ ni mo ti rà á lánàá. Ẹ sún mọ́ ọn: hóró kọ̀ọ̀kan ló ní igun bíi ṣúgà oníhóró.

Tí a bá tan ẹ́síréè sí i pẹ́ díẹ̀, á di aláwọ̀ oyin. Tó bá jẹ́ iyọ̀ pòtáṣíọ̀mù ni, ìyẹn irú iyọ̀ tí pòtáṣíọ̀mù wà nínú rẹ̀ dípò sódíọ̀mù, àwọ̀ àlùkò ló máa mú. Kò sì sẹ́ni tó da nǹkan kan sí i!

Kó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé hóró iyọ̀ ni mọ́tò Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Nínú rẹ̀, sódíọ̀mù kan, kilorínì kan (èròjà méjì tó para pọ̀ di iyọ̀) ni wọ́n ṣe jókòó, kálukú lórí ìjókòó tirẹ̀. Kilorínì gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan (hóró iná mànàmáná tíńtín) lẹ́sẹ̀, èyí tó gbà lọ́wọ́ sódíọ̀mù. Ìtànṣán ẹ́síréè dé, ó já a gbà. Kilorínì tí wọ́n jà lólè yìí wá dì mọ́ kilorínì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá padà wá bá wọn, agbára tó bá a wọlé á ti ọ̀kan nínú wọn dìde. Ẹni tí wọ́n tì wá ń ṣe bí èrò tó wọlé kẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀." Ó há ara rẹ̀ mọ́ ẹlòmíì lórí ìjókòó ẹyọ kan. Àyè tó fi sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà nínú àyè òfo yẹn ni aró wa. Nínú iyọ̀ ọbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń gbé mì; ìyókù ló dé ojú wa. Àyè ti pòtáṣíọ̀mù fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé ló ń gbé mì. Robert Pohl àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Göttingen, ní Jámánì, ló tú iṣu yìí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò láàárín 1920 sí 1940. F ni wọ́n ń pe àyè náà, láti inú "Farbe", ìyẹn àwọ̀ lédè wọn.

Ṣé àwọ̀ yìí máa ń pẹ́? Ọwọ́ òtútù àti ooru ló wà. Ẹni tó há yẹn kò gbádùn ibi tó wà. Ooru díẹ̀ báyìí, ó ti gbéra; tó bá kan ìjókòó rẹ̀ àtijọ́, á wọ ibẹ̀ padà, àwọ̀ ibẹ̀ á sì lọ; tí kò bá kàn án, àwọ̀ ṣì wà. Fún iyọ̀ pòtáṣíọ̀mù, náítírójìn olómi tó tutù dé −196°C pàápàá kò lè dá a dúró. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá fún ọyẹ́, ẹ gbọ́ o.) Inú hílíọ̀mù olómi, ní nǹkan bíi −269°C, ló ti máa ń jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá wá jẹ́ kó móoru díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ náà á máa tan ìmọ́lẹ̀ bí àwọn tó pínyà ṣe ń bára wọn pàdé.

Ní 2019, Hubble, awò ńlá tó wà lójú òfurufú, rí àmì àwọ̀ yìí lára Europa, òṣùpá Júpítà kan, níbi tí òtútù àti ìtànṣán ti pàdé. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé irú iyọ̀ ọbẹ̀ wa wà níbẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ béèrè: ṣé iyọ̀ yẹn á wá máa tú ìtànṣán jáde ni? Rárá, ẹ́síréè kì í fi ìtànṣán sílẹ̀ sínú iyọ̀. Ẹ da èyí tó ti di aláwọ̀ oyin sínú omi. Ẹ rí i? Ó ti yọ́, omi ṣì mọ́ gaara. Èrò ti sọ̀ kalẹ̀, kò tún sí ìjókòó kankan tó ṣófo.